Bí Tọkọtaya Àgbà Míṣọ́nnárì Ṣe Lè Ṣètò Ọjọ́ Iṣẹ́ àti Ọjọ́ Ìsinmi Wọn ní Abuja

Ọdún kẹjọ rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní abúlé kan lẹ́yìn Kuje, ní agbègbè olú-ìlú wa Abuja. Ẹni ọdún 62 ni mí nígbà tí ìjọ wa rán wa jáde láti Ìbàdàn, ọkọ mi sì ti pé ẹni ọdún 68. A ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ wa sì ti wà nílé tiwọn. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó jẹ́ ẹgbẹ́ wa ló ti yà lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, Iléṣà àti Èkó, tí wọ́n fẹ́ mọ bí àgbàlagbà ṣe ń gbé ní Òkè Ọya tí ara rẹ̀ kò fi ní wó kí ọdún kejì tó pé. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ sílẹ̀ yìí. N kò ní wàásù, nítorí ẹni tí Ọlọ́run bá ti pè kò nílò kí n tún un pè. Ọ̀rọ̀ omi, oòrùn, oògùn, ìkíni, ọjà àti ọjọ́ Sátidé ni. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ fi ọkàn sí ti Sátidé jù lọ, nítorí àwọn tó ń bọ̀ kì í kà á sí, bẹ́ẹ̀ àìkà á sí náà ló máa ń dá ọ̀pọ̀ wọn padà sílé kí àsìkò wọn tó pé.

Ilé tí àgbà lè gbé

Ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì lè tẹ́ ẹní sínú ṣọ́ọ̀ṣì kí ó sì sùn, ṣùgbọ́n àgbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ gbé ibi tí ọkọ̀ kò lè dé lóru. Ẹ wá ilé sí ẹ̀bá ọ̀nà ọlọ́dà, kí ẹ máa ti ibẹ̀ lọ sí abúlé tí ẹ ń bójú tó. Owó ilé ní àárín ìlú Abuja ju agbára owó ìfẹ̀yìntì lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé rí ní Kuje àti Gwagwalada, Gwagwalada sì tún ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, èyí tó yẹ kí ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa kí àìsàn kankan tó dé. Kí ẹ tó san owó ilé, ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òjò, kí ẹ lè mọ ibi tí àgbàrá ń gbà, àti lẹ́ẹ̀kan ní alẹ́, kí ẹ lè mọ irú ibi tí àdúgbò náà jẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ kànga ló máa ń gbẹ. Lọ́wọ́ àwọn tí Hausa ń pè ní mai ruwa, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì omi kiri, ni ẹ ó ti máa ra omi. Ẹ yan ẹnì kan nínú wọn, ẹ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ máa san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yóò sì rántí yín lọ́jọ́ tí omi bá wọ́n. Ẹ máa se omi náà kí ẹ tó mu ún. Inú ike olómorí tó ṣe ṣinṣin ni kí gàárì, ẹ̀lùbọ́ àti ìrẹsì yín máa wà, nítorí eku ló ń tan ibà Lassa kálẹ̀, ẹ sì má ṣe sùn láìta nẹ́ẹ̀tì nítorí ẹ̀fọn. Bí owó bá wà, sólà kékeré kan tó lè tan gílóòbù mẹ́ta, tó sì lè gbé fáànù kan, sàn fún àgbà ju jẹnẹrétọ̀ tí ó ní láti máa bẹ̀rẹ̀ fà lọ.

Oòrùn ni kí ó pín ọjọ́ fún yín

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ni ọyẹ́ máa ń fẹ́, tí ó ń gbé eruku aṣálẹ̀ bọ̀, tí ètè ń bó, tí ikọ́ kì í sì í wọ́n nínú ilé. Oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ni ooru máa ń mú jù lọ, kí òjò tó múlẹ̀, òjò náà á sì máa rọ̀ títí di oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá fi ètò Ìbàdàn ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹta níbí, ara rẹ̀ ni yóò san án.

Àwa náà san án. Ní oṣù kẹta ọdún àkọ́kọ́, ọkọ mi lọ kí ìdílé kan ní ọ̀sán gangan, ní nǹkan bí aago kan. Ó ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ láàárọ̀, irú èyí tó ń mú kí ènìyàn máa tọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì mu omi kankan lẹ́yìn tíì àárọ̀. Nígbà tí ó dìde láti máa bọ̀, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì ṣubú lẹ́bàá ògiri. Àwọn ọmọkùnrin méjì ló gbé e sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, ìyá àgbà kan sì rọra ń fi ìgbá bu omi sí i lẹ́nu títí ojú rẹ̀ fi là. Dókítà tí a rí lọ́jọ́ kejì ṣàlàyé fún wa pé omi ara rẹ̀ ló gbẹ: oògùn ń lé omi jáde, oòrùn ń fa ìyókù, kò sì sí èyí tó ń wọlé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín kí ẹ tó kúrò nílé bí ó ṣe yẹ kí ẹ máa lo oògùn yín ní àsìkò ooru, ẹ má sì ṣe fúnra yín dín in kù. Ẹ gbé oògùn oṣù mẹ́ta dání bí ẹ bá ń bọ̀, kí ẹ sì béèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn yírùnyírùn, nítorí àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni ó máa ń jà ní Òkè Ọya.

Láti ọjọ́ tí ó ṣubú náà ni a ti ní ètò tí a kì í yẹ̀. Aago márùn-ún àárọ̀ ni a máa ń jí, nígbà tí ìpè àdúrà bá dún láti mọ́sálásí. Olúkúlùkù wa á kọ́kọ́ mu kọ́ọ̀bù omi kan kí a tó gbàdúrà. Ní aago mẹ́fà, a máa ń rìn dé ìkóríta, a ó sì padà. Ìrìn yìí kì í ṣe nítorí eré ìdárayá nìkan. Àkókò yìí ni àwọn obìnrin Gbagyi, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ yìí, ń ti oko igi bọ̀, èjìká ni wọ́n sì máa ń gbé ẹrù wọn lé, kì í ṣe orí. Wọ́n á tẹ ọrùn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdì igi á jókòó sórí èjìká kejì bí ẹni pé wọ́n dì í mọ́ ọn. Ẹni tó bá kí wọn lójú ọ̀nà lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta kò ní kanlẹ̀kùn ilé wọn gẹ́gẹ́ bí àjèjì mọ́.

A máa ń jẹun ní aago méje àbọ̀, a ó sì ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́jọ títí di aago méjìlá: kíláàsì ìwé kíkà fún àwọn obìnrin, ìbẹ̀wò sí aláìsàn, ẹ̀kọ́ Bíbélì. Láti aago méjìlá títí di mẹ́rin, ilé ni a wà. Ojú máa ń ti àwọn tuntun láti sùn lọ́sàn-án, wọ́n ní kí àwọn ará ìjọ má baà pe àwọn ní ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn onílé gan-an, abẹ́ igi ni wọ́n wà ní àkókò náà. Ìrọ̀lẹ́, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà, ni ìbẹ̀wò tó dára jù, nítorí àwọn àgbẹ̀ ti dé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti dé ilé.

Ìkíni àti èdè

Kò ní ṣòro fún Yorùbá láti kọ́ ìkíni Hausa, nítorí ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi ń kí ènìyàn. Bí a ṣe ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́, wọ́n á sọ pé sannu da aiki. Bí a ṣe ń sọ pé ẹ káàbọ̀, wọ́n á ní sannu da zuwa. Láàárọ̀, ina kwana ni, èsì rẹ̀ sì ni lafiya lau. Ẹ má ṣe kánjú kọjá ìkíni. Ẹ béèrè ilé, ẹ béèrè iṣẹ́, ẹ béèrè ọmọ, kí ẹ tó sọ ohun tó gbé yín wá. Síbẹ̀, Hausa nìkan kò tó. Àwọn Gbagyi, Koro, Gade, Gwandara àti àwọn mìíràn ni wọ́n ni ilẹ̀ tí a ń pè ní Abuja lónìí, kí òfin tó sọ ọ́ di ilẹ̀ olú-ìlú ní 1976, kí ìjọba tó ti Èkó kó wá síbẹ̀ ní oṣù kejìlá 1991. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kí ìyá Gbagyi kan ní èdè tirẹ̀, tí n kò sì pe ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní kí n tún un sọ. Ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá ló di olùkọ́ mi, mo sì ń kọ́ ọ ní ìṣirò dípò owó.

Ẹ lọ kí baálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ tó ṣe ìpàdé kankan. Ní Kuje, Gomo ni orúkọ oyè ọba ìlú. Ní Karu, Esu ni. Mo sọ èyí nítorí pé mo ti rí Yorùbá tó fa ojú ro nígbà tó gbọ́ ọ, tó rò pé òrìṣà ni wọ́n ń pè. Orúkọ oyè ni, kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Èṣù tiwa, ẹ sì fi ọ̀wọ̀ pè é.

Àǹfààní tọkọtaya máa ń hàn gbangba níbi ìbẹ̀wò. Ilé Mùsùlùmí tí baálé kò bá sí nílé, ọkùnrin kò gbọdọ̀ wọ inú àgbàlá. Bàbá á dúró sábẹ́ igi lóde pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, ìyá á sì wọlé lọ bá àwọn obìnrin, pẹ̀lú ìborí lórí àti ìró tó balẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pe ọkọ mi ní Baba Fasto, èyí tí í ṣe pásítọ̀ lẹ́nu Hausa. Èmi ni Mama. Ṣùgbọ́n inú àgbàlá tí Baba Fasto kò lè wọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí a wá gbé lọ síwájú Ọlọ́run nínú àdúrà.

Nípa oúnjẹ, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Iṣu àti ọkà bàbà wà lọ́pọ̀ yanturu, ọbẹ̀ kuka tí wọ́n ń sè kò sì jìnnà sí luru tí àwọn ará Ìlọrin ń sè. Ẹ gbé irú àti ẹ̀lùbọ́ wá láti ilé, bí ó bá tán, àwọn Yorùbá tó ń tajà ní ọjà Kubwa àti Nyanya ní in. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú yín nílé onílé, ẹ jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ òkèlè mẹ́ta péré.

Sátidé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́

Ohun tí ọ̀pọ̀ tọkọtaya máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi Sátidé fọ aṣọ, wọ́n á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á múra ìwàásù, wọ́n á tún lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ Yorùbá ní ìrọ̀lẹ́. Tí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi, àárẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sórí àga ìwàásù. Lẹ́yìn ọdún kan, ọkọ àti aya kò ní ohun mìíràn tí wọ́n ń bá ara wọn sọ mọ́ àfi ọ̀rọ̀ ìjọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni kí ẹ ṣe gbogbo ìmúrasílẹ̀ yẹn. Sátidé, ẹ jáde, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, láìgbé ìwé iṣẹ́ dání.

Ìlànà rẹ̀ rọrùn. Ẹ jáde lẹ́yìn aago méje àbọ̀, kí ẹ sì ti wọlé kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹ wá awakọ̀ kan tí ẹnì kan nínú ìjọ mọ̀, tí ẹ ó máa pè ní gbogbo ìgbà. Ẹ má ṣe wọ táksí tó kàn dúró fún yín lójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn èrò tí ẹ kò mọ̀ nínú rẹ̀, nítorí àwọn ọlọ́ṣà tí wọ́n ń pè ní wan-ṣáǹsì fẹ́ràn àgbàlagbà. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ẹnì kan nílé àti àsìkò tí ẹ ó dé. Omi, oògùn ọ̀sán, aṣọ ìnura kékeré, fóònù tó kún, àti bàtà tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Nínú owó ìfẹ̀yìntì, a máa ń yọ iye kan sínú àpòòwé ní gbogbo ìparí oṣù fún ìjáde nìkan. A kì í fọwọ́ kàn án fún ohun mìíràn, ìbáà jẹ́ ti ìjọ.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí ibi tó súnmọ́. Millennium Park, tí Ọbabìnrin Elizabeth kejì ṣí ní 2003, ní igi tó ṣíji bo ilẹ̀, àgbà sì lè jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Etí omi Jabi náà dára ní àárọ̀ kí èrò tó dé. Àpáta Zuma, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn náírà 100 tó jáde ní 1999, ẹ wò ó láti ẹ̀bá ọ̀nà Kaduna ní Madalla, kí ẹ padà. Kò sí ìdí tí àgbà fi ní láti súnmọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Ushafa, ní agbègbè Bwari, lẹ́bàá ìsédò Usuma tí omi ẹ̀rọ Abuja ti ń wá. Bill Clinton, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣàbẹ̀wò síbẹ̀ ní 2000, àwọn kan sì ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pe abúlé náà. Ṣùgbọ́n ìkòkò ni ẹ lọ wò. Obìnrin Gbagyi tí a bá níbẹ̀ kò lo àgbá amọ̀kòkò tó ń yí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yí ìkòkò ká. Ó fi amọ̀ tó lọ́ bí okùn lé orí ara wọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn yí i po, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan níta, títí ẹnu ìkòkò fi là. Ó wá fi ṣùkù àgbàdo ra ara ìkòkò náà kí ó lè dán, kò gbé ojú sókè wò wá fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà fún ọdún 30, kò lè sọ̀rọ̀. Irú ọwọ́ yìí ni Ladi Kwali ní, obìnrin Gbagyi tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn náírà 20, ẹni tó ti abúlé Kwali wá, tó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ìkòkò tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Suleja ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nígbà tí Suleja ṣì ń jẹ́ Abuja, kí ìjọba tó gba orúkọ náà fún olú-ìlú. Ẹ ra ìkòkò kékeré kan, ẹ má sì ṣe nájà rẹ̀ títí yóò fi di ìyà fún ẹni tó mọ ọ́n.

Ìrìn àjò gígùn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gba ọ̀nà náà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an bí ó ṣe rí. Bí wọ́n bá ń ṣiyèméjì, ẹ jókòó sílé. Ojúmọmọ nìkan ni kí ẹ fi rìn. Tí ọ̀nà bá dára, Lokoja ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ sì sùn síbẹ̀ mọ́jú, nítorí ọ̀nà náà jìn fún àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ gun òkè Patti pẹ̀lú ọkọ̀, ẹ wo ibi tí odò Ọya àti Benue ti pàdé, tí àwọ̀ omi méjèèjì fi ń ṣàn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n tó dàpọ̀. Odò yìí ni Àjàyí Crowther gbà. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ní 1841 ó gun odò Ọya pẹ̀lú ọkọ̀ àwọn òyìnbó. Ní 1857 ó tún gòkè, iṣẹ́ ìhìnrere sì bẹ̀rẹ̀ ní Gbebe, lẹ́bàá ìpàdé odò náà. Nígbà tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó ti lé ní ẹni 50 ọdún, ó sì ń bá iṣẹ́ odò yìí lọ títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ó ti lé ní 80 nígbà tó kú ní 1891. Ìyàwó rẹ̀ Susan, tí orúkọ rẹ̀ àtilẹ̀wá ń jẹ́ Asano, wà nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú bíi tirẹ̀, olùkọ́ sì ni. A jókòó lórí òkè náà, a ń jẹ àkàrà, a sì ń ka orúkọ wọn láàárín ara wa bí ẹni ń ka orúkọ ará ilé.

Ọjọ́ Ìsinmi àti àwọn ará ilé

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìjọ Yorùbá gba gbogbo ọjọ́ Ìsinmi yín. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú Òkè Ọya, a sì ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ wọn títí di òní. Orin Yorùbá ń tu ènìyàn nínú nílẹ̀ àjèjì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rán yín sí Gbagyi, àárín Gbagyi ni kí ẹ ti máa jọ́sìn, kí ẹ sì lọ bá àwọn ará wa kọrin lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni kí ẹ fi pe àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ lórí fóònù, ní aago kan náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé bí fóònù kò bá dún, ó yẹ kí wọ́n béèrè.

Tí ẹ bá ti ìjáde Sátidé dé, ẹ fi ẹsẹ̀ sínú omi gbígbóná tí a bu iyọ̀ díẹ̀ sí, ẹ jẹ ohun tó fúyẹ́, bíi ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí ẹ ti sè lọ́jọ́ Jímọ̀. Aṣọ ọjọ́ Ìsinmi ti wà lórí ìjókòó láti àná. Nílé tiwa, ọkọ mi á kọ ibi tí a lọ sínú ìwé kékeré kan, pẹ̀lú iye owó ọkọ̀ àti orúkọ ẹni tí a bá pàdé. Èmi á bu omi sínú ìkòkò Ushafa tó wà lẹ́bàá fèrèsé, kí ó lè tutù di àárọ̀ fún kọ́ọ̀bù aago márùn-ún.